Aṣọ Tí Mo Yàn fún Àdùkẹ́

Ìnúolúwa, ọmọ ọmọ Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kó aṣọ mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì mi lánàá, ó ní kí n bá òun yan èyí tí òun ó wọ̀ lọ sí páàtì Kérésì tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe. Mo ní ṣé aṣọ ló ń pe nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀kan jẹ́ kóòtù dúdú tó nípọn bí ẹní, tí wọ́n fi irun ẹranko tí kì í ṣe irun ẹranko yí lọ́rùn. Èkejì jẹ́ súẹ́tà pupa tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí láyà, àgbọ̀nrín ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí orí ń gbà wọ̀ ọ́. Ó ní Wíńtà ni wọ́n pe páàtì náà, pé ẹni tí kò bá múra bí ẹni tó wà láàárín yìnyín, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé. Mo bi í pé yìnyín wo, ní Ìkòrò yìí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, kò lè yé yín ni." Èmi ni kò lè yé. Èmi tí ọyẹ́ ti ń la ètè mi láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá tó bí i. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò kò ní ju fáànù méjì lọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ò sì yí. Níbẹ̀ ni wọn ó kó kóòtù sọ́rùn, tí wọn ó máa làágùn, tí wọn ó máa ya fọ́tò, tí wọn ó máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọyẹ́ gidi wà níta, ó ń ti orí òkè Ẹ̀fọ̀n bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò rí ìyẹn. Òtútù tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí rí ni wọ́n ń múra fún.

N kò bá a yan nǹkan kan. Ẹni tó ń bá wọn yan aṣọ nínú ilé yìí ni Àdùkẹ́, Àdùkẹ́ sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé láti ìgbà tí àgbàdo tuntun jáde. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí n ó rí láìsí i nìyí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi táìsì funfun bo ojú oórì rẹ̀, ó ń dán bíi ti balùwẹ̀, àwọn tó bá ń kọjá á sì dúró wò ó, wọn á ní àwọn ọmọ náà gbìyànjú. Wọ́n gbìyànjú lóòótọ́. Nígbà tó wà láàyè, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ sán títí, kò sẹ́ni tó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi máa bú ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bá ènìyàn yan aṣọ ní ayé mi, Àdùkẹ́ náà ni mo sì yàn án fún, fún páàtì Kérésì, nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí ìdí tí n kò fi bá Ìnúolúwa yan nǹkan kan.

Ọdún tí a fi páànù bo ilé wa ni. Ṣáájú ìgbà náà, koríko ló wà lórí wa, koríko kì í sì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọyẹ́ ọdún yẹn, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàù, pàù, bí ẹni pé àwọn kan dúró sẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń sọ òkò lù wá. Yèyé, ìyá bàbá wa, á gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí, á ní, "Jòsáyà ọmọ mi lọ gbé ulé tí ń ráhùn wá fún mi." Jòsáyà ni bàbá wa. Ìró mẹ́ta ni mo ṣì ń gbọ́ títí di òní bí mo bá pa ojú dé: odó ìyá wa tó ń gún uṣu ní ìrọ̀lẹ́, ikọ́ Bàbá Dáníẹ́lì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́, àti apasà Yèyé, pákó gbọọrọ tó fi ń gbá òwú mọ́ra lára òfì. Òfì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó nàró mọ́ ògiri bí ilẹ̀kùn, ẹni tó ń hunṣọ á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa gbá a. Gbì. Gbì. Gbì. Bí gbogbo ilé ń jà, bí àlejò dé, bí ọbẹ̀ ń jóná, apasà kì í dúró. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ òwú tó nípọn, tó wúwo, tí ènìyàn lè wọ̀ lọ sóko títí tí oko ó fi gbó kí aṣọ tó gbó.

Yèyé ní òfin kan. Ọmọbìnrin kan kò gbọdọ̀ gba kíjìpá lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú rẹ̀ tán. Ẹkún kò ràn án, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Wàá yọ kóró òwú, wàá fi ìrànwú ràn án di fọ́nrán, ọjọ́ tó bá tó ìwọ̀n tó fẹ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, tí yóò sì hun ún fún ọ kó tó di Kérésì. Àwọn ìyá wa kan ti bímọ méjì kí wọ́n tó gba tiwọn. Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbin uṣu, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì parí kí wọ́n tó ká kòkó tán. Ó bá Yèyé rẹ ẹ́ ní aró, ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fi ìlà funfun tín-ín-rín mẹ́ta sí etí rẹ̀ torí pé òun ni ọmọ kẹta ìyá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Ọjọ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òwú tí èmi ran títí ọdún fi parí kò tó èyí tí wọ́n lè fi so ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọ̀lẹ ni mí. Gbogbo àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ti kú, mo lè purọ́ bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni mí, olójúkòkòrò sì ni mí pẹ̀lú.

Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé wa là ń pè ní Mísìísì. Mísítà Adélúsì ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán sí kíláàsì kó tó délé. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá, Mísìísì kò sì jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ kí a gbàgbé. Omi wa kò dáa, ọ̀nà wa kò dáa, iyán wa ti pọ̀ jù. Ó ní àwa Èkìtì kò mọ àgbà, torí pé a ń pe àgbàlagbà ní "ìwọ". Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá wa ń pe ìyá tó bí i, tí ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Ní ọdún yẹn, wọ́n kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún tuntun. Ni Mísìísì bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní òun fẹ́ mú ọmọbìnrin kan lọ tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ òun, tí òun ó fi sí ilé ìwé títí yóò fi di tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé adìyẹ wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ni òun ó pè wá sí páàtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì. Òun ó wo ìmúra wọn, òun ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, òun ó sì mú ọ̀kan.

Gbogbo ìlú mọ̀ pé Àdùkẹ́ ni. Kò sí ọmọ tó lè ka Bíbélì bíi tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìlọrò. Bàbá wa tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé á jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, á pa ojú dé, á máa mi orí, bí Àdùkẹ́ bá sì fo ẹsẹ kan láti dán an wò, á ní, "Padà sẹ́yìn." Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún un láìfi bò pé kíláàsì tó wà yẹn ló mọ, pé agbára òun kò gbé ohun tó wà lókè rẹ̀. Bí kì í bá ṣe Mísìísì, oko ló kù. Àdùkẹ́ kò sọkún. Ó wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè níbi tó bá ń fọ abọ́, níbi tó bá ń gbálẹ̀, ìyá wa ní adìyẹ ilé wa nìkan ló kù tí kò tíì mọ Sáàmù. Wọ́n pe èmi náà mọ́ ọn. Kì í ṣe torí ìwé. Mísìísì fẹ́ kí iye wa pé mẹ́jọ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta sí Kérésì ni Àǹtí Ẹ́sítà dé láti Èkó. Àbúrò ìyá wa ni, ó sì ti kọ́ láti máa fi ìmú sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ròyìn páàtì fún un, tí ó sì rí kíjìpá tuntun tí Yèyé ká sórí àpótí, ó pàtẹ́wọ́, ó bi ìyá wa pé ṣé kíjìpá ni wọ́n fẹ́ fi gbé ọmọ lọ síwájú ẹni tó lajú. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó sì fa gáùn kan yọ. Ẹ̀yin ará, a kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí inú ìkarawun ìgbín, ó fúyẹ́, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, léèsì yí ọwọ́ rẹ̀ ká, rìbọ́ọ̀nù kékeré kan wà ní ọrùn rẹ̀. Bọ̀síkọ́nà ni, aṣọ àlòkù òyìnbó tí wọ́n ń kó dà sílẹ̀ tà ní Èkó, ṣùgbọ́n Àǹtí Ẹ́sítà ní ọmọ gómìnà ló bọ́ ọ sílẹ̀. Ìyá wa fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò lè gbé e kúrò. Yèyé kò fi apasà sílẹ̀. Ó kàn wo Àǹtí Ẹ́sítà láti òkè délẹ̀, ẹni tó fi pín-ìnnì há aṣọ ara rẹ̀ níbi tí bọ́tìnnì ti já, ó ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Àǹtí náà kò mú ìyẹn mọ́ra. Ó ní, "Yèyé, àwọn àgbà náà ló sọ ọ́ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ." Yèyé gbá òwú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Ó ní, "Parí ẹ̀. Òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, àgbà tí kò bá rówó òfì, kó ra kíjìpá. Ìdajì òwe lẹ mú lọ sí Èkó, ẹ sì ti jẹ ìdajì yẹn náà tán." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdajì yẹn ni èmi náà mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ páàtì, ọyẹ́ dì tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí ilé Bàbá Dáníẹ́lì láti iwájú tiwa, ikọ́ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. A jẹ uṣu sísun àti epo nídìí iná. Ìyá wa fi òrí pa wá ní ètè. Nígbà náà ni Yèyé tẹ́ kíjìpá sórí ẹní, ìyá wa sì tẹ́ gáùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kò wo ojú ara wọn. Bàbá wa ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni kó mú u." Àdùkẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́. Kíjìpá ló na ọwọ́ sí. Mo rí i. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi yìí, ìka rẹ̀ méjì ti kan ìlà funfun tó wà létí aṣọ náà. Mo wá wo ara mi. Ìró ìyá wa tó ti fàya ni wọ́n fẹ́ fi bò mí. Kò sí gáùn kejì, kò sí kíjìpá kejì, èmi ni mo sì mọ ìdí. Ó wá yé mi lọ́gán pé bí Àdùkẹ́ bá mú gáùn, kíjìpá á ṣẹ́kù. Mo ní, "Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mísìísì á rò pé oko lo ti ń bọ̀."

Àdùkẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí iná ta. Ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ oṣù ran òwú, ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní aláápọn, èmi ni mo pè é ní ọ̀lẹ. Bí ọ̀tá ló sọ ọ́, ìbá ti rẹ́rìn-ín. Yèyé wò mí, kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ìyá wa ti ń sáré wọ gáùn sí Àdùkẹ́ lọ́rùn kó tó yí ọkàn padà. Wọ́n wá ní kí ni Dọ̀kásì máa wọ̀? Dọ̀kásì, èmi nìyẹn, mo ní ẹ kàn fún mi ní kíjìpá náà torí ọyẹ́, mo fi ohùn aláìṣẹ̀ sọ ọ́. Yèyé ní kò ṣeé ṣe, ẹni tí kò ran òwú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àdùkẹ́ tí wọ́n ń so rìbọ́ọ̀nù mọ́ lọ́rùn kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Fún un, Yèyé. Èmi kò fẹ́ ẹ mọ́."

Ilé Mísìísì wà lórí gẹ̀rẹ́ ní ọ̀nà Ìlọrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. A rìn débẹ̀ kí oòrùn tó là. Gáùn náà kò ju èémí lọ lára Àdùkẹ́. Ó di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó ń ka Sáàmù tó fẹ́ kà fún Mísìísì lábẹ́ ètè, bí ó bá dé ibì kan eyín rẹ̀ á gbá ara wọn, á padà bẹ̀rẹ̀. Èmi wà nínú kíjìpá, mo ro ó mọ́ àyà, mo sì fi ìyókù bo èjìká. Ara mi móoru bí àkàrà. Mo ń fò lórí òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí páàtì náà ṣe rí, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn ni wọ́n dá ìwà òmùgọ̀ sílẹ̀. Mísìísì gé ẹ̀ka igi kan, ó gbé e sínú garawa láàárín pálọ̀. Ó wá ya òwú sára rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti òkè délẹ̀. Òwú Yèyé ni. Òun ló wá rà á nílé wa, tí inú Yèyé dùn, tó ní obìnrin Abẹ́òkúta yẹn fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ranwú. Mísìísì ní yìnyín ni, pé bẹ́ẹ̀ ni Kérésì ṣe ń rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Òwú tí Ọlọ́run dá kí òtútù má pa ènìyàn, òun ló fi ṣe àwòrán òtútù, ọmọ mẹ́jọ sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu torí pé afẹ́fẹ́ dára fún ìlera. Ó fún wa ní bisikíìtì kọ̀ọ̀kan nínú àwo, ó ní kí a má jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Ebi ń pa wá.

Àdùkẹ́ ni Mísìísì kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó rìn wá sí iwájú pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, gáùn náà ń wọ́ tẹ̀lé e. Mísìísì wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó wá di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aṣọ àwọ̀sùn rèé o. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé oorun lo wá sùn níbí ni?" Ó pe ọkọ rẹ̀ láti yàrá, ó ní kó wá wo nǹkan. Ó ṣàlàyé fún wa pé èyí tí àwọn ìyàwó òyìnbó ń wọ̀ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, wọn kì í wọ̀ ọ́ jáde kódà sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ ọmọ Kátíkísì rẹ́rìn-ín. Jẹ́mímà àti Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. Ọmọ Télọ̀ Òjó, Màríà, bisikíìtì há a lọ́fun. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ, mo sì mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín jù nínú wọn. Èmi ni. Mo fẹ́ kí Mísìísì mọ̀ pé mo gbọ́n, pé kì í ṣe inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti wá. Mo fi etí kíjìpá bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àdùkẹ́ kò wo Mísìísì, kò wo Fọlákẹ́. Èmi ló wò.

Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tó, Mísìísì ní ó yá, kàwé. Àdùkẹ́ ṣí Bíbélì. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ kékeré wà níbẹ̀. Ó ya ẹnu, eyín rẹ̀ gbá ara wọn, ó sì pa á dé. Mísìísì ní kàwé. Ó ní kàwé lẹ́ẹ̀kẹta. Mísítà Adélúsì, tó mọ ohun tó wà nínú orí ọmọ náà ju ẹnikẹ́ni lọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn náà, n kò gbàgbé rẹ̀. Àdùkẹ́ pa Bíbélì dé, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Mo jókòó. Mo jẹ bisikíìtì mi tán, mo sì jẹ tirẹ̀.

Màríà ni Mísìísì mú. Ẹ ó béèrè ohun tí Màríà wọ̀. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tó ti ṣá, tí ìyá rẹ̀ fọ̀, tó sì fi ògì mú kó le. Bàbá rẹ̀ ló rán aṣọ Kérésì fún gbogbo ìlú, kò ráyè rán ti ọmọ tirẹ̀. Mísìísì ní ọmọ yìí ní ìtẹ́lọ́rùn.

Mo bá Àdùkẹ́ lójú ọ̀nà, ó ń rìn, kò yára, kò falẹ̀. Mo bọ́ kíjìpá kúrò léjìká, mo nà án sí i. Mo ní, "Gbà á, òtútù ń mú ọ." Kò gbà á. Ó ní, "Wọ̀ ọ́. Ìwọ lo fẹ́ ẹ." Ó ṣáájú, mo tẹ̀lé e títí a fi délé. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé, bó ṣe máa ń ṣe ní ìlú kékeré. Apasà Yèyé dúró. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó dúró lójú mọmọ nìyẹn. Ó dìde, ó fa Àdùkẹ́ mọ́ ìdí iná, ó bọ́ gáùn náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni ń bó uṣu, ó fi àdí gbígbóná ra á lára láti orí dé ẹsẹ̀. Bàbá wa mú àdá, ó gba oko lọ, ọjọ́ kejì Kérésì. Ìyá wa ń sunkún ní ilé ìdáná. Àǹtí Ẹ́sítà nìkan lara rẹ̀ le. Ó ní ìlara ló ń ṣe obìnrin náà, pé kò ní irú rẹ̀ ni. Títí ó fi kú, kò gbà pé aṣọ àwọ̀sùn ni. Òun fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó méjì.

Mo ká kíjìpá, mo gbé e sórí ẹní Àdùkẹ́. Ó jókòó ti Yèyé nídìí òfì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sì dìde níbẹ̀ títí di ọdún tó kọjá. Ìlà funfun mẹ́ta tó ń fi sí etí aṣọ, wọ́n mọ̀ ọ́n dé Àràmọ̀kọ àti Ìjerò. Owó rẹ̀ ló fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí yunifásítì, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ òyìnbó níwèé. Àwọn tó ń fi kíjìpá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ọmọ wọn ló ń wá fi mọ́tò gbé e báyìí, wọ́n ní àṣà ni, wọ́n ń rán an mọ́ báàgì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ páàtì náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fún mi ní iyán, ó fún mi ní aṣọ, ó tọ́jú mi nígbà tí ọkọ mi kú. Màríà wá síbi ìsìnkú rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo bi í bóyá ó rántí gáùn. Ó ronú títí. Ó ní bisikíìtì ni òun rántí, pé ó dùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn ọmọ ṣí àpótí rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo léèsì tí wọ́n rà fún un, kíjìpá kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú káńfọ̀ nínú rẹ̀. Aró rẹ̀ kò ṣá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní ti ọmọdé ni, kí wọ́n fi nu jẹnẹrétọ̀. Mo já a gbà. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí lórí rú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọ aṣọ yẹn láyé, èmi tí n kò ran òwú rẹ̀ ni mo sì wọ̀ ọ́.

Ìnúolúwa rí i lórí itan mi lánàá, nígbà tí kóòtù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Màmá, ẹ yá mi, èyí á bá Wíńtà mu gan-an." Mo ní kó máa gbé àgbọ̀nrín rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí ọyẹ́ tún dì. Mo mú ọ̀pá mi, mo jáde síwájú ilé nígbà tí n kò tíì rí ojúlé kejì. Mo gbé ọwọ́ lé táìsì náà. Ó tutù, ó tutù bí nǹkan tí kò mọ ènìyàn rí. Mo tú kíjìpá, mo nà án lé e lórí, mo fa etí rẹ̀ gún, ìlà funfun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní apá ibi tí orí rẹ̀ wà. Kò gùn tó o. Ti ọmọdé ni. Ìnúolúwa jáde láti lọ fọ ẹnu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe nínú òtútù yìí?"

Mo ní kó wọlé. Mo ní ẹni tó ni aṣọ ni mo gbé e fún.